Igbó Kì Í La Ọpọlọ: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga àti Àwọn Òbí Wọn

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní yunifásítì àti ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin tí àwọn òbí yín ta ilẹ̀, tí wọ́n ta kòkó, tí wọ́n sì fi aṣọ àríyá dógò kí ẹ lè dé ibi tí ẹ dé yìí, ẹ̀yin ni mo kọ ìwé-pẹlẹbẹ yìí sí; bí bàbá àti ìyá yín bá sì gbà á lọ́wọ́ yín kà, inú mi yóò dùn sí i. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín yín. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń rìn láti yàrá dé yàrá, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin sì ni ti ọdún kìn-ín-ní ti ń gbà á, bí ìgbà tí ọmọ ń gba ogún lọ́wọ́ bàbá. Wọ́n ní igbó a máa la ọpọlọ. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fa díẹ̀ kí ó tó jókòó ti ìwé, ojú rẹ̀ yóò là, oorun yóò sá fún un, òye yóò sì máa ṣàn bí odò Ọ̀ṣun nígbà òjò. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tí ó gbọ́n, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tí a kọ́ tí ó gbẹ̀kọ́, ìdí nìyí tí n kò fi ní pe ẹni tí ó gbà á gbọ́ ní òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Bí irọ́ bá sì sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gé ẹ̀ka kan kúrò lára irọ́ náà, èyí tí ó ní ewé àwọn baba ńlá wa ni igbó, pé bí obì àti orógbó ti jẹ́ ti wa ni òun náà jẹ́ ti wa. Àlejò ni. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ gbà pé lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tí ó parí ní 1945, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ láàárín wa, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa tí ó ti jà ní Bọ́mà, tí wọ́n sì gba Íńdíà kọjá, padà wálé, tí àwọn atukọ̀ òkun náà sì ń kó o bọ̀ ní èbúté. Orúkọ ilẹ̀ Íńdíà ni òfin wa fúnra rẹ̀ fi pè é ní 1966, nígbà tí ìjọba ológun pàṣẹ pé ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 21, ni èrè ẹni tí ó bá gbìn ín, pé ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10 sì ni ti ẹni tí ó bá fà á. Wọ́n ti dẹ òfin náà lẹ́yìn ìgbà náà, n kò sì mẹ́nu kàn án láti dẹ́rù bà yín. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ fa igbó kò gbọdọ̀ fi orúkọ àwọn baba wa bo ara rẹ̀.

Èmi náà ti gbé yàrá kan pẹ̀lú ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọmọ tí orí rẹ̀ pé, tí ó mọ ìṣirò jù mí lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, a pinnu láti ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní T.D.B., èyíinì ni pé kí á kàwé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó padà wọlé pẹ̀lú òórùn tí gbogbo yín mọ̀, ó jókòó, ó ṣí ìwé, ó mú gègé pupa. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ń mi orí, ó ń wí pé, 'Ó yé mi wàyí! Ó ti yé mi!' Nígbà tí ó ṣe, ó gbójú sókè, ó bi mí pé, 'Ṣé ilẹ̀ kò tíì fẹ́ mọ́ ni? A ti kàwé tó wákàtí mẹ́rin o.' Mo wo agogo: àkókò tí ó ti jókòó kò tíì pé wákàtí kan ààbọ̀. Ní òwúrọ̀, mo ṣí ìwé náà wò. Ojú ewé méjì péré ni ó kà, kò sì sí ìlà kan nínú méjèèjì tí kò fi gègé pupa fàlà sí nídìí. Mo bi í pé èwo ni ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn. Ó wo ojú ewé náà títí, ó sì dákẹ́.

Gbogbo ẹjọ́ tí mo ń bá igbó rò wà nínú ojú ewé pupa náà. Ní 1964, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni yọ èròjà kan nínú ewé yìí, èyí tí a ń pè ní THC, tí ó jẹ́ òun gan-an ni ń pa ẹni tí ó bá fà á bí ọtí. Nínú ọpọlọ wa, ẹ̀yà kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní hippocampus. Akọ̀wé ni, ẹnu ọ̀nà ni ó jókòó sí, tí ń gba ohun tuntun tí a bá gbọ́ tàbí tí a bá kà, tí ń tò ó sínú àká kí ó tó lè di ìrántí. Orí akọ̀wé yìí wà lára ibi tí THC ti ń ṣiṣẹ́ jù, débi pé ní gbogbo àkókò tí igbó bá fi wà lójú ènìyàn, gègé ń mì lọ́wọ́ akọ̀wé, ohun tí ó bá kọ kò sì ní dá ṣáká. Èròjà kan náà ní ń na àkókò bí ẹni ń na rọ́bà, tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá fi ń dà bí ogún lójú ẹni tí ó fà á. Òun kan náà ni ó ń ru ayọ̀ sókè nínú wa tí gbogbo ọ̀rọ̀, àti kékeré àti ńlá, fi ń dún bí ìjìnlẹ̀. Ẹ ò rí i bí irọ́ náà ṣe rí ẹsẹ̀ dúró? Ọmọ náà rò pé òun kàwé pẹ́, nítorí pé àkókò ti fà gùn lójú rẹ̀. Ó rò pé ìwé yé òun, nítorí pé inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tí ó bá dé gbọ̀ngàn ìdánwò ni yóò tó mọ̀ pé akọ̀wé kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Adùn òye ni igbó ń tà. Òye fúnra rẹ̀ kò sí nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí, òótọ́ ni ó sì sọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Maastricht, ìlú kan ní gúúsù ilẹ̀ Nẹ́dálándì, níbi tí àwọn ilé ìtajà ti ń ta igbó ní gbangba, tí yunifásítì ńlá sì wà. Ní 2011, wọ́n pàṣẹ níbẹ̀ pé kí àwọn ilé ìtajà náà má ṣe tà fún àlejò mọ́, àfi ọmọ Nẹ́dálándì, ọmọ Jámánì àti ọmọ Bẹ́ljíọ̀m. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní kíláàsì kan náà, tí olùkọ́ kan náà ń kọ́, tí wọ́n ń ṣe ìdánwò kan náà, àwọn kan lè ra igbó, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ìyókù. Olivier Marie àti Ulf Zölitz kó máàkì tí ó lé ní 54,000 jọ, ti ìgbà tí òfin náà kò tíì dé àti ti ìgbà tí ó dé, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2017. Bí igbó bá ń la ọpọlọ ni, àwọn tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ni ìbá ṣubú. Òdì kejì ni ó ṣẹlẹ̀: àwọn gan-an ni máàkì wọn gòkè, tí ẹni tí ó yege láàárín wọn sì pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún; nínú ẹ̀kọ́ tí ó jẹ mọ́ ìṣirò ni ìgòkè náà sì ti pọ̀ jù.

Àwọn tí ń gbèjà igbó a máa nawọ́ sí Fẹlá Aníkúlápó Kútì, ọmọ abẹ́ Olúmọ, ọ̀kan tí í ṣe ìlú ní tirẹ̀. Wọ́n ní, ṣé òun kò fà á ni, ṣé òun kò sì gbọ́n? Ó fà á, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí orin ti wá. Bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀, Kánọ́nì Josiah Ransome-Kuti, ti ń kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá kí ayé tó gbọ́ Fẹlá. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Abẹ́òkúta. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ó sì jókòó sí ilé-ẹ̀kọ́ orin fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di ọ̀gá. Ìran mẹ́ta ni ó mọ ilé náà, amọ̀ líle sì ni wọ́n fi mọ ọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ kó ẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tí kò kọ́ fèrè sínú yàrá, kí ẹ máa fún wọn ní igbó láti òní di ọdún tí ń bọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò jáde pẹ̀lú orin.

Àwọn mìíràn a ní, 'Àwọn òyìnbó ti gbà á láyè.' Òótọ́ ni pé Kánádà gbà á láyè ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà sì ti ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ti gba ìgbádùn rẹ̀ láyè, ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 kò gbọdọ̀ rà á. Québec ní Kánádà náà gbé ọjọ́ orí tirẹ̀ sókè sí 21 ní 2020. Kí ni ìdí rẹ̀? Wọ́n mọ̀ pé ọpọlọ ọmọ ènìyàn kì í gbó tán títí yóò fi sún mọ́ ọmọ ọdún 25. Nínú ìwádìí tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018, a rí i pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 10.6 ni ó fa igbó láàárín ọdún kan, pé ọdún 19 sì ni àwọn tí ń fà á sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 19! Ọjọ́ orí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ wọ yunifásítì ni, ẹni tí àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn àti Québec kò ní tà á fún.

Nísinsìnyí, mo dé orí ọ̀rọ̀ wèrè, mo sì fẹ́ sọ òtítọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá fa igbó ni yóò ya wèrè, òun náà purọ́, irọ́ rẹ̀ sì ń ran irọ́ kejì lọ́wọ́, nítorí pé bí ọmọ bá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá tí kò sí ọ̀kan tí ó ya wèrè, kò ní gba àgbà gbọ́ mọ́ lórí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n gbogbo aláǹgbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Láti 1964 ni Dókítà Tolani Asuni ti ń kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí ọ̀rọ̀ igbó gbé dé ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta. Ní ilẹ̀ Swídìn, wọ́n tẹ̀lé ọ̀dọ́mọkùnrin 45,570 tí wọ́n wọ iṣẹ́ ológun ní 1969 sí 1970 fún ọdún 15. Àwọn tí ó ti lo igbó ju ìgbà 50 lọ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ ni àìsàn ọpọlọ tí à ń pè ní schizophrenia mú ní ìlọ́po mẹ́fà ju àwọn tí kò fà á rí. Púpọ̀ nínú wọn bọ́. Ta ni nínú yín tí ó mọ èyí tí òun jẹ́ nínú wọn? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Mo mọ ohun tí ń lé yín dé ẹ̀yìn ilé. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà kan tí ó ṣiṣẹ́ láàárín wa, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná fún, tí ojú ń ṣú, tí ohun tí wọ́n bá kà kò dúró lórí. Ìrètí odidi ìdílé tí a gbé lé ọmọ kan ṣoṣo lọ́rùn kì í ṣe ẹrù kékeré, èmi náà ti rù ú rí. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìwé kò ní ọ̀nà àbùjá. Oorun tí ẹ ń sá fún gan-an ni ìgbà tí akọ̀wé ń to ohun tí ẹ kà sínú àká, nítorí náà, ẹni tí ó kàwé díẹ̀ tí ó sì sùn ti ṣe ju ẹni tí ó fi èéfín jí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ̀yin òbí, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá rí i lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ má ṣe lé e jáde, ẹ má ṣe fi í ré lójú ọjà. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè ohun tí ó wúwo fún un, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kọjá agbára yín, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní wàrà-ǹ-ṣeṣà.

Ọ̀rẹ́ mi tún ìdánwò náà ṣe ní ọdún kejì, lẹ́yìn tí ó ti jáwọ́ nínú igbó, ó sì yege. Ẹ̀yin ọmọ wa, mo bẹ̀ yín, ní alẹ́ tí ìwé bá sú yín, ẹ pa iná, kí ẹ sùn. Ẹ jí ní ìdájí, ẹ ka ojú ewé kan, kí ẹ sì fi gègé pupa fàlà sí ìdí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.