Iṣẹ́ Ọ̀gá Ni Kíkó Eruku Pákó

Kò sí ọmọ tí a tọ́ ní ìdí ààrò tí kò mọ̀ pé ìtì igi kì í tètè gbaná. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáná a kọ́kọ́ ṣa ìṣẹ́pẹ́ jọ, a ṣáná sí i, kí ó tó ki igi ńlá bọ̀ ọ́. Bí igi bá ti kéré tó ni afẹ́fẹ́ ń rí ọ̀nà yí i ká tó, bẹ́ẹ̀ ni iná sì ń tètè mú un tó. Igi kan náà tí ó lè jó fún wákàtí púpọ̀ nígbà tí ó wà ní odidi, bí a bá sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú tí a sì fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́, kí a tó ṣẹ́jú ó ti jó tán. Ohun tí ó bá sì jó kíákíá bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí a sé kì í jó wọ́ọ́rọ́wọ́. Ńṣe ni í bú gbàù.

Èrò tèmi ni pé eruku tí ayùn ń tú jáde lára pákó kì í ṣe pàǹtí lásán, tí a lè fi sílẹ̀ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ láti gbá nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Kíkó o kúrò jẹ́ ara iṣẹ́ igi gan-an, ọrùn ọ̀gá tí ó ni ilé iṣẹ́ ni ó sì yẹ kí ẹrù náà wà.

Àwọn àgbà a máa wí pé ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Iná pẹ̀lú ní ààrò mẹ́ta tí ó gbé e dúró: ohun tí ó lè jó, afẹ́fẹ́, àti ooru tí yóò ràn án. Bí a bá yọ ọ̀kan, iná kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n kí eruku tó lè bú gbàù, ohun méjì mìíràn gbọ́dọ̀ kún mẹ́ta yìí: eruku náà gbọ́dọ̀ fọ́n ká bí ìkùukùu, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí a sé mọ́, ìbá à ṣe iyàrá tàbí inú ẹ̀rọ. Nínú ohun márààrún yìí, a kò lè mú afẹ́fẹ́ kúrò ní ibi tí ènìyàn ti ń mí. Ooru náà ṣòro láti lé tán, nítorí irin tí ó ń ha irin ti tó, wáyà iná mànàmáná tí ó bó ti tó, sìgá kan ṣoṣo sì ti tó. Eruku ni ó kù tí apá wa lè ká lójoojúmọ́.

Eruku náà kò sì ní láti pọ̀ kí ó tó léwu. Ìlànà ẹgbẹ́ NFPA, tí ó ń rí sí ìdènà iná ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ka eruku igi gbígbẹ tí ó bá nípọn ju nǹkan bí mìlímítà 3 lọ sí ewu. Kì í ṣe ti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nìkan ni a ń wí. Èyí tí ó burú jù ni èyí tí ó bà lé orí igi òrùlé, ẹ̀yìn ẹ̀rọ àti òkè àjà, níbi tí ojú kì í dé. Bí iná kékeré kan bá bú ní igun kan, a mi gbogbo ilé; eruku òkè a wá ya lulẹ̀ bí ìkùukùu, iná ti àkọ́kọ́ a sì ràn án. Èkejì yìí ni ó sábà máa ń wó ilé, tí í sì í pa ènìyàn.

Ní ìpínlẹ̀ British Columbia ní ilẹ̀ Kánádà, kòkòrò kan tí ń gbé abẹ́ èèpo igi páìnì pa igbó lọ súà. Àwọn ilé ìlagi bẹ̀rẹ̀ sí í la òkú igi wọ̀nyí. Nítorí pé igi náà ti gbẹ, eruku rẹ̀ gbẹ ju ti igi tútù lọ, ó sì kúnná. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, ilé ìlagi kan bú gbàù ní ìlú Burns Lake. Ènìyàn 2 kú, 20 sì fara pa. Wọ́n ní iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún kan náà, òmíràn tún bú ní ìlú Prince George ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà. Ènìyàn 2 kú, 22 sì fara pa. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé eruku igi ni ó jó níbi méjèèjì, àti pé ara ẹ̀rọ tí ń ha ara wọn ni ooru tí ó ràn án ti wá. Kò sí ẹni tí ó ṣáná. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 2015, ilé iṣẹ́ tí a ti ń lọ igi kúnná ní Bosley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bú gbàù bákan náà, ó wó lulẹ̀, ènìyàn 4 sì kú.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ láàárín wa, àwọn kan a ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn a wá tu olóko-òwò nínú pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òwe náà bá ilé mu, nítorí a lè tún ilé kọ́ kí ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Kò bá ọmọ ọlọ́mọ tí ó bá iná lọ mu.

Ẹlòmíràn lè wí pé abẹ́ búkà tí kò ní ògiri ni a ti ń la igi ní ilẹ̀ wa. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní irú àwọn búkà ìlagi tí a fi mọ Òkobàbà ní Èbúté Mẹ́ta, afẹ́fẹ́ ń gbé eruku lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ibi sé mọ́. Ṣùgbọ́n òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó lè fi iná pamọ́ sínú fún ọjọ́ púpọ̀, kí ó tó di ọ̀wọ́ iná ní òru. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tí ń kan àga àti tábìlì ti ń wọ inú ilé olódi, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ dán ojú pákó. Eruku irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó kúnná jù lọ.

Kí ni ṣíṣe? Kí a fi ẹ̀rọ fa eruku láti ẹnu ayùn gan-an lọ sínú àpò tàbí àgbá tí ó wà ní òde. Kí a rọra gbá èyí tí ó kù. Kí a má ṣe fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, nítorí ìkùukùu tí a ń sá fún ni a ń dá sílẹ̀ yẹn. Kí a máa fi gíríìsì sí ìdí ẹ̀rọ kí irin má baà gbóná. Bí wẹ́dà bá fẹ́ jó irin, kí a kọ́kọ́ kó eruku àyíká rẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró ṣọ́ ibẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá parí. Bí òkìtì bá gbaná, kí a wọ́n omi sí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́; omi tí a bá fi agbára rọ́ lù ú yóò tún gbé eruku dìde ni.

Àwọn ọ̀gá a máa ní ohun wọ̀nyí ń ná owó. Ẹ̀rọ ìfà-eruku ń ná owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ kò wọ́n. Àkókò ni ó wọ́n. Láti gbá òkè àjà, ayùn gbọ́dọ̀ dúró, oníbàárà yóò sì dúró pẹ̀lú. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wo ni ó tó wí pé kí ayùn dúró? Ọ̀gá nìkan ni ó ní àṣẹ yìí. Nítorí náà ni mo ṣe wí pé iṣẹ́ ọ̀gá ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ọmọ ni ìgbálẹ̀ wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn kan nínú yín yóò di gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn kan yóò ní ilé iṣẹ́, ìjọba yóò sì rán àwọn mìíràn láti máa bẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ tí ẹ bá wọ ilé iṣẹ́ igi, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ tí a gbá mọ́ tàn yín jẹ. Ẹ gbé ojú sókè, kí ẹ wo orí igi òrùlé.