"Aláìsàn Mélòó?"

Ẹ má retí ọ̀rọ̀ gírámà lọ́wọ́ mi lónìí. Inú ló ń bí mi. Níbi ìpàdé kan láìpẹ́ yìí, ọ̀gbẹ́ni kan tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ ilé ìwòsàn kan dìde, ó ní ìṣòro wa kò ju pé àwọn nọ́ọ̀sì ń kanra mọ́ aláìsàn lọ, nítorí náà kí a dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ ìwà ọmọlúàbí. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá mi ṣẹ́, òru mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó tì í ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀dì 28 ni ó wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì ni ó sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ní òru ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wọn kò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, nítorí pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé gan-an ni kò yẹ kí ojú kúrò lára aláìsàn. Èkejì ń gún abẹ́rẹ́, ó ń wo ìfúnpá, ó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ẹni tí ó bì. Wọ́n tún gbé ẹni tuntun wọlé láti yàrá iṣẹ́ abẹ, iná ọba sì lọ. Omi dírípù bàbá mi tán, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà nínú rọ́bà. Èmi, odidi ọ̀mọ̀wé, fi ariwo ta. Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ mi ni kò tó."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá wọn dé, ó ṣí ìwé, ó bi wọ́n pé, "Aláìsàn mélòó?" Wọ́n ní 28. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó pa ìwé dé. Bàbá mi tí kò lè yí ara rẹ̀ padà jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ó máa lọ sílé náà jẹ́ ẹyọ kan. Oníṣu gan-an kì í ka iṣu ńlá àti ẹ̀bù mọ́ ara wọn.

Kì í ṣe pé ọgbọ́n ìwọ̀n kò sí. Láti ọdún 2003 ni ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Nursing Activities Score ti wà fún wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní máàkì tirẹ̀, látorí yíyí aláìsàn padà títí dé kíkọ àkọsílẹ̀ àti títu ẹbí nínú. Bí máàkì aláìsàn kan bá pé 100, ó ti gba odidi nọ́ọ̀sì kan tán fún wákàtí 24. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni. Ní ọdún 2002, Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn 168 ní Pennsylvania: aláìsàn kan péré tí a bá fi kún ẹrù nọ́ọ̀sì kan, ewu ikú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i.

Ẹnìkan yóò ní, "Ọ̀gá, a kò ní owó Amẹ́ríkà." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n aago ọwọ́ àti ìwé kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń sá fún ni pé bí a bá wọn iṣẹ́ náà lóòótọ́, a ó rí àwọn tí ń ṣe èyí tí ó ṣẹ́ kù: àwa ẹbí tí à ń sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo ń wẹ bàbá mi, èmi ni mo ń da ìtọ̀ rẹ̀ nù, èmi ni mo ń sáré lọ ra oògùn níta. Nọ́ọ̀sì méjì nìkan kọ́ ni ó gbé wọ́ọ̀dù náà ró; àwa ẹbí tí a kò kọ́ṣẹ́, tí orúkọ wa kò sí nínú ìwé kankan, wà lábẹ́ ẹrù náà pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2025, gbígba òṣìṣẹ́ sí i wà lára ohun tí wọ́n bèèrè, síbẹ̀ mo gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé owó nìkan ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ tèmi díẹ̀. Tọ́jú: ojú ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ojú ẹnìkan kò lè wà lára aláìsàn mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀kan náà, ìwà rẹ̀ ì báà jẹ́ ti áńgẹ́lì. Nítorí náà, kí ìwé àárọ̀ yẹn ní ìbéèrè kejì: "Iṣẹ́ wo ni ẹ kò rí àyè ṣe?" Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo wí yìí, yíyí bàbá mi padà ní wákàtí méjì-méjì ni ìdáhùn ì bá jẹ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi bí wọ́n ti ń ṣe é, oorun sì gbé mi lọ. Ẹsẹ̀ bàbá mi jinná. Egbò ìdí tí ó gbé bọ̀ láti ibẹ̀ gba oṣù márùn-ún.