Bíà Dúdú Ò Fẹ́ Yìnyín

Ẹ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta bíà, ìbáà jẹ́ ní Mokola, ìbáà jẹ́ ní Surulere, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu oníbàárà: "Ṣé ó tutù?" Tó bá ti tutù, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bẹ́ẹ̀ àwa kan náà yìí kì í ra ẹmu láìbi ẹlẹ́mu pé ìgbà wo ló dá a. Ẹmu àárọ̀ ń dùn, ti ìrọ̀lẹ́ ti le, ti àná ti kan. Ọmọdé abúlé mọ̀ ọ́n. Kí ló wá dé tí a fi ń mu bíà bí ẹni tí kò ní imú?

Bíà tí àbúrò mi kó bọ̀ láti Seattle nígbà tó wálé fún ìsìnkú ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Black IPA ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe stout o, bó tilẹ̀ dúdú bíi tirẹ̀. Ilé ìpọntí kéékèèké ní Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀; Greg Noonan, tó dá Vermont Pub & Brewery sílẹ̀ nílùú Burlington, ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó kọ́kọ́ pọn ọ́n níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Lẹ́yìn náà làwọn ará Oregon àti Washington gbà á mọ́ra, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń gbin hops, òdòdó tó ń mú bíà korò, tó sì ń jẹ́ kó ta sánsán.

Àwọ̀ rẹ̀ ló ń tan èèyàn. Ọkà bálì tí wọ́n yan títí tó fi dúdú ló ń fún un láwọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń gbà. Tí wọ́n bá yan ọkà náà mọ́ èèpo, ọtí lè máa ha ahọ́n bí eérú. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ Weyermann ní Bamberg, ní Jámánì, fi ń bó èèpo oríṣi kan tó ń jẹ́ Carafa Special kí wọ́n tó yan án: àwọ̀ á jáde, eérú ò ní bá a wá. Hops ló yẹ kó ṣe olórí nínú bíà yìí, kí adùn ọkà yíyan máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá jẹ́ kí yíyan borí, stout ló pọn, ohun yòówù kó kọ sára agolo.

Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ sí fìríìsà kí n tó dé. Mo tọ́ ọ wò, òtútù nìkan ni mo bá pàdé. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ife gíláàsì. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mu ún nínú agolo jàre." Mo kọ̀. Mo dà á sífe, mo gbé e sórí tábìlì títí omi ara ife fi gbẹ. Nígbà tí mo gbé e sókè síná, etí rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ìhó orí rẹ̀ ní àwọ̀ kọfí tí a bu mílíìkì sí. Mo gbóòórùn rẹ̀: èèpo ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, lẹ́yìn náà oje igi, lókèèrè pátápátá, etí búrẹ́dì tó jó díẹ̀. Lẹ́nu, ó kọ́kọ́ dùn wẹ́rẹ́, kí ìkorò tó dìde láti ìdí ahọ́n, kó sì jókòó síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ wà nídìí agolo, kò tíì pé oṣù méjì. Ìyẹn ló gbà á là, nítorí òórùn hops ló ń kọ́kọ́ lọ. Tó bá pẹ́ nílẹ̀, ọsàn á pòórá, á ku ìkorò. Mo fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Jíjó rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ẹ má wí pé ọ̀rọ̀ ará òkè òkun nìyẹn. Guinness Foreign Extra Stout tí wọ́n ti ń pọn n'Íkẹjà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ọtí líle. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà bálì wọlé lọ́dún 1988, ọkà bàbà ni àwọn apọntí wa gbé lé iná. Kò tọ́ kí a fi yìnyín pa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òtútù máa ń mú kí ahọ́n kú ni. Bíà funfun nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, mo gbà, ẹ jẹ́ kó tutù rinrin. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń mu ún. Ṣùgbọ́n ẹ tètè gbé bíà dúdú jáde nínú fìríìsà, kí ẹ sì fi ife mu ún. Nítorí líle rẹ̀, ẹyọ kan tó fún alẹ́ kan.

Ohun tó burú ju yìnyín lọ ni oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ máa ń ba ohun tí hops fi ń mú bíà korò jẹ́, òórùn burúkú á sì rọ́pò rẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń lo ìgò aláwọ̀ ilẹ̀. Ìgò aláwọ̀ ewé kò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bò ó. Síbẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, àárọ̀ títí dalẹ́ ni kéréètì fi ń yáàrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o sábẹ́ ibòòji. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ yí ìgò wò, kí ẹ ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.