Kantamanto: Ìsọ̀ ti dìde padà, àmọ́ ta ló ń ka alábàárù mọ́ òṣìṣẹ́?

Lóru ọjọ́ kìíní mọ́jú ọjọ́ kejì, oṣù Kínní, ọdún 2025, iná sọ ní Kantamanto, ọjà aṣọ òkìríkà tó gbajúmọ̀ jùlọ nílùú Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ onípákó ti di eérú. Aṣọ tí àwọn ọlọ́jà kan rà láwìn jóná, gbèsè orí rẹ̀ kò jóná. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Iná jó ọjà yìí ní 2013 pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ ìròyìn tó jáde lẹ́yìn ìjàm̀bá náà dá lórí àwọn tó ni ìsọ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn mìíràn wà tí ọlọ́jà ń gbéṣẹ́ fún lójoojúmọ́, tí wọn kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Kí ni tiwọn?

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀. Ìyá kan ra bélì aṣọ kan. Kò rí inú rẹ̀ kó tó sanwó. Ó lè bá ojúlówó níbẹ̀, ó sì lè bá àkísà. "Obroni wawu" ni àwọn ará Ghana ń pe aṣọ náà, ìyẹn aṣọ òyìnbó tó ti kú. Bélì kan lè tó kílò 55. Ẹni tó máa gbé e lórí dé ìsọ̀ ni kayayoo, alábàárù tí àwa náà mọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọbìnrin tó wá láti ìhà àríwá Ghana. Bí wọ́n bá tú bélì tán, wọ́n á ṣa èyí tó dáa sọ́tọ̀. Èyí tó dọ̀tí á lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀, èyí tó ti ṣá á lọ sọ́dọ̀ aláró, èyí tó ya tàbí tó tóbi jù di ti télọ̀. Ẹnì kan tún wà tó ń lọ̀ ọ́ kó lè dán lójú oníbàárà.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìyá yìí. Iye ẹrù tàbí iye aṣọ ni wọ́n fi ń sanwó. Tí a bá fẹ́ fún wọn ní orúkọ ńlá, agbaṣẹ́ṣe ni gbogbo wọn.

Èmi kò pe èyí ní ìwà ìkà. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá bélì tó rà láwìn yóò pa owó wọlé, báwo ló ṣe fẹ́ ṣèlérí owó oṣù? Bí ọjà bá kú lọ́sẹ̀ yìí, kò ní gbéṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, òun náà á sì rí oúnjẹ jẹ. Àmọ́ ewu tó bọ́ lọ́rùn rẹ̀ kò wọlẹ̀. Ọrùn alábàárù ló lọ ní tààràtà, àti orí ẹ̀rọ ìránṣọ tí télọ̀ fi owó ara rẹ̀ rà. Bí iná bá jó aṣọ ọlọ́jà mọ́ ìsọ̀ télọ̀, ta ló máa san án? Àdéhùn ẹnu ni wọ́n ṣe, oníkálukú á sì rántí rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Òfin iṣẹ́ Ghana ti ọdún 2003 kò gbàgbé alágbàṣe pátápátá. Ó ní kí òṣìṣẹ́ ojúmọ́ gba owó ọ̀yà tó kéré jùlọ ní pípé fún ọjọ́ tó bá wá síbi iṣẹ́, kódà bí òjò kò bá jẹ́ kó ṣe é. (Ní 2025, sídì 19.97 ni owó náà lójúmọ́.) Ó tún ní kí a ka òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tó bá ti lo oṣù mẹ́fà láìdáwọ́ dúró lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo sí òṣìṣẹ́ gidi.

Ọ̀gá kan ṣoṣo! Kayayoo lè gbé ẹrù fún èèyàn mẹ́wàá kí oòrùn tó wọ̀. Ó lè lo ọdún márùn-ún nínú ọjà kan náà kó má pé oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìjọba kúkú mọ̀ wọ́n nígbà tí owó bá kàn. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa ń gba owó ọjà lọ́wọ́ àwọn alábàárù yìí, títí ìjọba àpapọ̀ fi kéde nínú ètò ìṣúná ọdún 2017 pé òun fòpin sí i. Wọ́n kà wọ́n mọ́ àwọn tó yẹ kó sanwó, wọn kò kà wọ́n mọ́ àwọn tó yẹ kí a dáàbò bò.

Kí ará Èkó má rò pé ọ̀rọ̀ Ghana nìkan nìyí. Ní Katangowa, níbi tí òkìríkà ti ń tà bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà fòfin de kíkó o wọlé, ẹnu náà la fi ń ṣàdéhùn. Àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Ghana kí àṣẹ oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé wọn mọ bí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń parí: ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé, ọ̀pọ̀ sì fi owó tí wọ́n yá oníbàárà sílẹ̀.

Lẹ́yìn iná ti 2025, àwọn ọlọ́jà fúnra wọn ló tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó padà. The Or Foundation, àjọ tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ tipẹ́, kéde ìrànwọ́ mílíọ̀nù kan dọ́là. Káfíńtà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ríṣẹ́, káfíńtà sì lè ní kí wọ́n fún òun ní àṣàńsílẹ̀ kí òun tó mú òòlù. Alábàárù kò lè gba àṣàńsílẹ̀ lórí bélì tí kò tíì dé.

Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ ọlọ́jà kékeré kọ́ ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ìwé àjákọ kan tó sọ iye owó, àti ẹni tó máa san nǹkan tó bá bàjẹ́, kò ju agbára rẹ̀ lọ. Àmọ́ owó ìtọ́jú ọrùn àti ẹ̀yìn ju agbára rẹ̀ lọ. Àjọ kan náà fojú bù ú pé nǹkan bí mílíọ̀nù 15 aṣọ ló ń wọ Kantamanto lọ́sẹ̀. Bí a bá bu owó táṣẹ́rẹ́ lé bélì kọ̀ọ̀kan fún ìtọ́jú àwọn tó ń gbé e, àwọn tó ń kó o wọlé ló yẹ kó kọ́kọ́ san án. Iye bélì wọn kò ṣòro kà. Ó ti wà nínú ìwé ibodè ní Tema.