Ọmọọba tí wọ́n fowó rà

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: tí ọkùnrin kan bá fi orúkọ ẹlòmíì gbéyàwó, ta gan-an ni ọkọ?

Ìbéèrè yìí ni Ernst Lubitsch fi pa àwọn ará Jámánì lẹ́rìn-ín lọ́dún 1919, nínú fíìmù tí kò lóhùn, Die Austernprinzessin. Ossi, ọmọ olówó Amẹ́ríkà kan, gbọ́ pé ọmọ oníṣòwò pólíìṣì bàtà ti fẹ́ ọlọ́lá. Ló bá ń fọ́ gbogbo nǹkan inú ilé. Bàbá rẹ̀ ní kó fara balẹ̀, òun á ra ọmọọba fún un. Ẹ gbọ́ o, á rà á!

Ọmọọba tí alárinà rí, Nucki, ò ní kọ́bọ̀. Ilé kótópó lòun àti Josef ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí alárinà dé, ńṣe ló sáré to àga ga kó lè dà bí ìtẹ́. Josef ló rán lọ wo ọmọge náà, Ossi sì rò pé ọmọọba ló dé. Kíá, pásítọ̀ ti so wọ́n pọ̀, orúkọ Nucki ni wọ́n sì lò. Ìgbà tí Ossi wá pàdé Nucki gan-an, tí ìfẹ́ wọ̀ ọ́, wọn ò nílò ìgbéyàwó mìíràn. Orúkọ ti ṣe é tán.

Òfin ni mo kà, mo mọ̀ pé kóòtù ò ní gba irú ẹ̀. Àmọ́ lóṣù kẹjọ ọdún 1919 yẹn náà, òfin ìpìlẹ̀ tuntun Jámánì, abala 109, fagi lé àǹfààní tí àwọn ọlọ́lá ń jẹ nítorí ìdílé tí wọ́n bí wọn sí. Ó ní oyè wọn ti di ara orúkọ lásán, kò sì sẹ́ni tí wọ́n á tún fi jẹ mọ́. Ọ́sítríà ní tiẹ̀ ní kí wọ́n gé e kúrò lára orúkọ pátápátá.

Ní tèmi o, Ọ́sítríà ló ṣe é dáadáa. Jámánì gba agbára oyè, ó fi adùn rẹ̀ sílẹ̀, ọjà ò sì tú. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn kan ti sanwó kí ẹni tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè gbà wọ́n ṣọmọ, káwọn náà lè di "von".

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bàbá Ossi ò wo ilé Nucki rárá, orúkọ ló sanwó fún. Ẹ wá fíìmù náà wò, bíi wákàtí kan péré ni. Kẹ́ ẹ wá sọ fún mi: ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á, ta lẹ máa dá lẹ́bi? Èmi ò ní dá Nucki lẹ́bi. Ebi ló ń pa á.