Ohun tí Ìyá Bá Sọ fún Ọmọ: Ẹ̀kọ́ láti Erékùṣù Madagásíkà

  

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, òwìwí bà sórí igi máńgòrò tí ó wà lẹ́yìn ilé wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, sáré wá bá mi ní ilé ìdáná, ó ní, ‘Màmá, ẹyẹ wo nìyẹn?’ Kí n tó ronú, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń sọ fún wa ní kékeré ti jáde lẹ́nu mi: ‘Pa fèrèsé dé. Ẹyẹ burúkú ni.’ Ọmọ náà pa fèrèsé dé, ṣùgbọ́n kò lè dá sùn mọ́ ní òru ọjọ́ náà. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìtọ́jú ilé àti ọmọ, ojú tì mí. Bí mo ti ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mo rántí orílẹ̀-èdè kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òbí ti dáàbò bo ẹranko kan, tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òmíràn run. Orílẹ̀-èdè náà ni Madagásíkà.

Inú Òkun Íńdíà ni Madagásíkà wà, ní nǹkan bí 400 kìlómítà sí Mòsáḿbíkì. Kì í ṣe erékùṣù kékeré rárá: mẹ́ta péré ni ó tóbi jù ú lọ ní gbogbo ayé. Ní ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira ni àwọn náà gba tiwọn, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà. Áfíríkà ni a kà wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n èdè tí ó súnmọ́ tiwọn jù lọ wà ní erékùṣù Borneo, ní Éṣíà lọ́hùn-ún. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ tí díẹ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn ti wa ọkọ̀ la òkun kọjá, tí wọ́n sì dàpọ̀ mọ́ àwọn tí ó wá láti Áfíríkà.

Ìrẹsì ni oúnjẹ wọn. Ọ̀pọ̀ ní í jẹ ẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹ̀yin tí inú ń bí nígbà tí ìrẹsì bá jóná, ẹ gbọ́ èyí. Bí àwọn ìyàwó ilé ní Madagásíkà bá ti bu ìrẹsì tán, wọn a da omi sórí èyí tí ó jó mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, wọn a sì gbé e padà sórí iná títí yóò fi hó. Omi náà ni wọ́n ń mu sí oúnjẹ. Ranovola ni wọ́n ń pè é. Ìkòkò kò ṣòro fọ̀ mọ́, ilé sì ti ní omi tí a sè láti mu. Ọgbọ́n ilé nìyẹn!

Láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ọdún ni ilẹ̀ yìí ti yà kúrò lára Áfíríkà. Nítorí náà, kò sí kìnnìún nínú igbó rẹ̀, kò sí erin, kò sí ọ̀bọ. Àwọn ẹ̀dá tí a kò rí níbòmíràn ni ó kún ibẹ̀. Igi oṣè tí a mọ̀ nílé wa, irú mẹ́fà rẹ̀ ni ó jẹ́ pé Madagásíkà nìkan ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo irú ọ̀gà tí ó wà láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí ń gbé ibẹ̀. Ní ọdún 2021 ni àwọn onímọ̀ kéde ọ̀kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè dúró sórí ṣóńṣó ìka.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù ni lẹ́múrì, tí í ṣe ìbátan ọ̀bọ lọ́nà jíjìn. Irú wọn lé ní ọgọ́rùn-ún. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, abo ni olórí ilé. Òun ni yóò kọ́kọ́ jẹun, akọ yóò sì dúró dè é. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín!

Ọ̀kan nínú wọn tí ó tóbi jù ni indri, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní babakoto. Ní òwúrọ̀, akọ àti abo pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn a jùmọ̀ kọrin lórí igi, ohùn wọn a sì dún ju kìlómítà méjì lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá ń bí lẹ́ẹ̀kan, ọdún méjì tàbí mẹ́ta sì ni ó máa ń wà láàárín ọmọ kan àti èkejì. Ẹ ò rí i pé òun náà mọ ìfètò-sọ́mọ-bíbí! Àwọn àgbà a máa sọ fún ọmọdé pé ọmọkùnrin kan gun igi láti wá oyin, oyin lé e, ó já bọ́, babakoto sì nawọ́ gbá a mú kí ó tó balẹ̀. Nítorí irú ìtàn bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ ni pípa á ní ọ̀pọ̀ abúlé. Fady ni wọ́n ń pe èèwọ̀ ní èdè wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo èkejì. Aye-aye ni orúkọ rẹ̀, òru ni ó ń jẹ̀. Etí rẹ̀ fẹ̀ bí ti àdán, eyín rẹ̀ ń hù láìdáwọ́dúró bí ti eku, ìka àárín ọwọ́ rẹ̀ sì tín-ín-rín bí wáyà. Kò sí ẹyẹ àkókó ní Madagásíkà. Aye-aye ni ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Yóò fi ìka náà gbá ara igi, yóò tẹ́tí gbọ́ ibi tí kòkòrò wà, yóò fi eyín gbẹ́ igi, yóò sì fi ìka fa kòkòrò náà jáde. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó ń jẹ àgbọn olóko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, ní ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń sọ fún ọmọ pé àmì ikú ni, pé ẹni tí ó bá na ìka sí yóò kú. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí i, pípa ni. Ó di ohun tí a rò pé ó ti run tán, kí wọ́n tó tún rí i ní ọdún 1957. Ní ọdún 1966, wọ́n kó mẹ́sàn-án lọ sí erékùṣù kékeré kan, Nosy Mangabe, kí wọn má bàa parẹ́.

Ẹranko méjì, igbó kan náà. Ìtàn rere bo ọ̀kan, ìtàn ẹ̀rù lé èkejì kiri.

Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín: ìtàn rere nìkan kò tó. Wọ́n ń sun igbó láti gbin ìrẹsì, wọ́n ń gé igi fún èédú, nítorí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún ebi gbọ́dọ̀ dáná. Ní ọdún 2020, a kéde pé nínú irú lẹ́múrì 107, 103 ni ó wà nínú ewu, babakoto pàápàá wà lára àwọn tí ewu wọn le jù. Ohun tí ó bá sì tán níbẹ̀, kò sí ilẹ̀ mìíràn tí a ti lè rí i.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, apá kò ní í ká a mọ́. Bí ọmọ bá bi yín léèrè nípa ẹranko tàbí ẹyẹ kan, ẹ má ṣe fi ẹ̀rù dí i lẹ́nu. Èyí tí ó bá léwu, bí ejò, ẹ sọ ewu rẹ̀ fún un. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ wí fún un pé, ‘Jẹ́ kí a jọ wádìí rẹ̀.’

Nígbà tí òwìwí náà padà wá, èmi àti ọmọ mi jọ dúró lójú fèrèsé. Mo sọ fún un pé eku ni ó ń dọdẹ, àwọn eku tí ń jẹ wá ní gàárì. Ó ronú díẹ̀, ó ní, ‘Màmá, ṣé kí a wá kí i pé ó kú iṣẹ́?’ A sì kí i.

Ó di oṣù tí ń bọ̀ o.