Kí Wọ́n Tó Gbé MG Yẹn Lé Òṣùwọ̀n

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ irin la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ní Ìkòròdú, irin kì í pẹ́ nílẹ̀. Àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò ń ra irin àlòkù, wọ́n ń kó o lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò tó ní òṣùwọ̀n, oníṣòwò náà ń kó o lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní Odógùnyàn àti Ògijó. Férémù bẹ́ẹ̀dì, ara fíríìjì àti ilẹ̀kùn mọ́tò ló ń wọlé síbẹ̀, ọ̀pá irin ìkọ́lé ló sì ń bá jáde. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Iṣẹ́ ni, ó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé.

Ṣùgbọ́n irin kan wà ní Ìkòròdú tí a kò fẹ́ kó dé ibẹ̀. MGB ni, mọ́tò oníjókòó méjì tí kò ní òrùlé irin, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún eré sísá. Bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa ló ni ín. Bàbá ti lọ, àwọn mọ̀lẹ́bí sì fẹ́ lo ẹ̀yìnkùlé tí mọ́tò náà wà. Wọ́n ti fún wa ní gbèdéke: títí ìparí oṣù Kejìlá, bí mọ́tò náà bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nínú ọgbà, ó di tiwa. Bí kò bá jáde, oníkílò á wá gbé e.

Àwọn kan ti bi wá léèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú kábúrétọ̀. Ìdáhùn wa ni pé ó kàn wá gan-an. Mọ́tò àtijọ́ ni ibi tó dára jù tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan ti lè kọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, Yorùbá kan wà tí kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n fún wa kà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. MG dúró fún Morris Garages, ilé ìtajà mọ́tò kan ní Oxford tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mọ́tò tirẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1920. Ní ìlú Abingdon ni wọ́n ti ṣe MGB láti 1962 títí di 1980 tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Èyí tí wọ́n ṣe lé ní 500,000. Lónìí, ilé-iṣẹ́ SAIC ti ilẹ̀ Ṣáínà ló ni orúkọ MG. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣe tiwa, nígbà tí a ṣì ń wa mọ́tò lọ́wọ́ òsì títì bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n sítíárìn mọ́tò yìí wà lápá ọ̀tún títí dòní. Ó dà bí àgbàlagbà tí àkọtọ́ 1974 kò kàn, tó ṣì ń kọ “aiye” àti “enia” bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kékeré.

Ọ̀nà Ìkòròdú náà ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ọ̀nà Ìkòròdú ni ọ̀pọ̀ mọ́tò ń gbà lọ sí Ṣágámù àti Ìbàdàn. Bọ́lẹ̀kájà tí wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀ sórí Bedford àti Austin ń kọjá, Morris Minor náà ń kọjá. Èyí tó bá kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà ló ń tún un ṣe. Ní 1975 ni Volkswagen ní Èkó àti Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ nílé níbí, Ìjàpá àti 504 sì gba títì. Lẹ́yìn ìyẹn ni tòkunbọ̀ kún ìlú. Mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ohun tí adìyẹ ń yé sí nínú ọgbà.

Àgbà mẹkáníìkì tó ń kọ́ wa kọ́ṣẹ́ kí ìlú tó yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní òun ò fẹ́ orúkọ òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà Bàbá la ó máa pè é. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Bàbá kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n ní, “Ẹ gbọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì ń jẹun, ó ń mí, iná ń jó nínú rẹ̀. Èwo ni kò ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá lọ.” Kò sí ìwé kankan tó la ọ̀rọ̀ náà yé wa tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ sípánà. Nọ́ọ̀tì mọ́tò yìí kì í ṣe ti mìlímítà, ti íǹṣì ni. Ààbọ̀ íǹṣì jẹ́ mìlímítà 12.7. Sípánà 13 tó wà nínú àpótí gbogbo mẹkáníìkì á wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n á máa ṣeré lórí rẹ̀. Bí a bá fi agbára fà á, etí nọ́ọ̀tì á parẹ́, á di róbótó. Ẹnì kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí mọ́tò yìí láyé àtijọ́, nọ́ọ̀tì mẹ́rin la sì fi ayùn irin gé. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó jọra kì í ṣe ọ̀kan náà. Olùkọ́ èdè tó bá ń ṣàlàyé àmì ohùn fún ọmọ ilé-ìwé lè yá àpẹẹrẹ yẹn lò.

Bátìrì ńkọ́? Méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 6, wọ́n so wọ́n pọ̀ sẹ́yìn ìjókòó. Nínú àwọn MGB ìgbà yẹn, orí pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara irin mọ́tò, òdìkejì ohun tí a mọ̀ lónìí. Ẹni tí kò bá béèrè á so ó bó ṣe ń so ti Corolla, wàhálà á sì bẹ̀rẹ̀. Kábúrétọ̀ SU méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ihò kékeré tí a gbọ́dọ̀ rọ ọ́ìlì díẹ̀ sí. Bí ọ́ìlì yẹn bá gbẹ, mọ́tò á máa kọsẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójijì. Iná inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í tò bí a ṣe ń kà á: 1, 3, 4, 2 ni. Àlàfo kọ́ńtáàkì sẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 0.4 lọ. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ojú ń rí, tí ọwọ́ ń kàn. Kò sí èyí tó sá pamọ́ sínú àpótí dúdú.

Ìpẹtà ló le jù. Mọ́tò yìí kò ní ṣaasí lọ́tọ̀: ara rẹ̀ náà ni egungun rẹ̀. Irin gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni ìdajì agbára rẹ̀, atẹ́gùn ọ̀sà sì ti jẹ apá kan níbẹ̀. Bí páńẹ́lì bítà bá gé e láìfi igi ti mọ́tò náà lábẹ́, àárín rẹ̀ á tẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì ní tì mọ́. Ìdí nìyí tí a kò tíì ná kọ́bọ̀ lórí ọ̀dà. Búréèkì la kọ́kọ́ mójú tó, lẹ́yìn rẹ̀ ni egungun. Ẹwà á dúró.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ èdè. Gbogbo wa la ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa fi mẹkáníìkì ṣe yẹ̀yẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló kún ẹnu wọn: púlọ́ọ̀gì, kábúrétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì, rédíétọ̀. Òótọ́ ni, tí a bá ń ka ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe wọn. Kúlọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Gíà ò wọlé. Táyà ń jẹ apá kan. Ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́. Ó ń mu ọ́ìlì. Sítíárìn ń fà sósì. Iná ò dé púlọ́ọ̀gì. Ẹ̀yà ara mọ́tò ló ń jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àìsàn rẹ̀ àti ìwòsàn rẹ̀, Yorùbá ni. Ẹni tó ń sọ pé mẹkáníìkì ti sọ èdè rẹ̀ nù kò tíì dúró tì wọ́n tó wákàtí kan.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ti ohùn. Bàbá ní bí ariwo bá ń ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lókè ẹ́ńjìnnì, kí a wo fáàfù, kì í ṣe ohun ìpayà. Bó bá ń ṣe gbògbògbò nísàlẹ̀, kí a pa á kíákíá, bẹ́ríǹ ti ń lọ nìyẹn. Ẹ wo àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ní kíláàsì, wọ́n kọ́ wa pé nínú ọ̀rọ̀ aròyehùn, ohùn òkè sábà máa ń bá ohun kékeré, ohun fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ohùn ìsàlẹ̀ sì máa ń bá ohun ńlá, ohun wíwúwo lọ. Bàbá kò jókòó sí kíláàsì yẹn rí, ṣùgbọ́n òfin náà ni wọ́n fi ń mọ èyí tó lè pa ẹ́ńjìnnì àti èyí tó lè dúró dọ̀la. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, iṣẹ́ ńlá ni, àwa náà ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló jókòó ṣe èyí. Ti ọgbà mẹkáníìkì, kò sí ẹni tó jókòó ṣe é. Ó kàn dàgbà láàárín ọ́ìlì ni.

Ó sì ń lọ. Láti 1996 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ojú ibi tí a lè ki skánà bọ̀ kó fi nọ́ńbà sọ àìsàn rẹ̀. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ló kún Ìkòròdú báyìí. A kò lòdì sí skánà. Ó ń rí ohun tí etí kò lè gbọ́. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tó ń ka nọ́ńbà kò nílò láti sọ pé ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọmọ-iṣẹ́ Bàbá tó kẹ́yìn ti gba fúrídọ̀mù. Lónìí, kò sí ọmọ-iṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ wọn, àfi àwa tó ń wá ní Sátidé.

A mọ àtakò tó wà nílẹ̀. Wọ́n á ní owó dà, nígbà tí epo bẹntiróòlù ti di góòlù láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní 2023. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí a kò fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa gbé mọ́tò yìí lọ sí kíláàsì. Wọ́n á tún ní kí la fẹ́ fi ohun ìrántí àwọn amúnisìn ṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, a gbà.  Ṣùgbọ́n àwọn ọwọ́ tó mú un rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ àwọn bàbá wa ni. Ìmọ̀ yẹn kì í ṣe ti Abingdon.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè rèé. Ẹ̀yin tí mọ́tò àtijọ́ wà nínú ilé yín, kí ẹ tó pe oníkílò, ẹ pe àgbà mẹkáníìkì kan kó wá wò ó, kí ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ fún un lówó iṣẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́ torí pé ẹni tó ní in wọ aṣọ ọ́ìlì. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe àpilẹ̀kọ lórí ọ̀rọ̀ ìṣe àwọn mẹkáníìkì, rìwáyà àti fọkanáísà ṣe é. Ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan kọ́ ni èdè. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, MGB ṣì pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà lọ́jà. Rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ SU méjì kò tó ìwé kan lẹ́rù nínú báàgì ẹni tó ń bọ̀ wálé.

Iná ti dé púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Epo kò tíì dé kábúrétọ̀ ẹ̀yìn, búréèkì ẹ̀yìn lápá òsì kò sì tíì dì mú. Oṣù Kejìlá kò jìnnà. Ẹni tó bá wà ní ìtòsí, aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé la máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ kò ní sunkún lé lórí.